Iṣẹ́ Tí Eunice Rán sí Inú Igbó

Ẹja ni Eunice Wavey ń là lẹ́bàá odò nígbà tí hẹlikópítà àkọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀. Kò gbé orí sókè. Ní Wapus níbí, ìlú kékeré wa láàárín igbó àríwá, hẹlikópítà kì í ṣe nǹkan tuntun: òun ni í gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ni í gbé òkú àwọn mìíràn padà wá. Ìgbà tí ẹ̀kẹta kọjá, tó fò wálẹ̀ débi pé ojú omi ń gbọ̀n, ni ó tó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

Dorcas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló kú?" ni Eunice bi í.

"Ẹnikẹ́ni ò tíì kú níbí. Wọ́n rí mọ́tò kan tó jóná lẹ́bàá ojú irin. Àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn ni, àwọn tó pa tọkọtaya lójú títì ní gúúsù, tí tẹlifíṣọ̀n ń pariwo wọn. Eunice, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa!"

"Ọ̀dọ̀ wa kẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ wá jẹ níbí?"

"Bóyá ẹja rẹ ni wọ́n gbóòórùn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Eunice rántí Jonas, ẹ̀rín náà sì gé mọ́ ọn lẹ́nu.

Jonas ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ti wọ igbó lọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀, bó ti máa ń lọ lọ́dọọdún tí yìnyín bá ti kúrò lójú odò, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, àwọ̀n rẹ̀, ìbọn kan nítorí béárì, àti rédíò kékeré kan. Kì í sọ ibi tó ń lọ. Lónìí ó lè wà ní ibi ìpẹja tó wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń já lórí òkúta, lọ́la kó wà ní ahéré bàbá wọn lẹ́bàá adágún Kinosew, lọ́tùnla kó wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti di pátápátá, ti òsì kàn ń gbọ́ díẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń sé odò wa láti fi ṣe iná mànàmáná fún àwọn ará ìlú ńlá, Jonas wà lára àwọn tó ń fi dáínámáìtì fọ́ òkúta. Iná náà dé ìlú ńlá. Etí Jonas kò padà bọ̀ sípò mọ́.

Inú ahéré Kinosew yẹn ni wọ́n bí Eunice sí. Ó ṣì kéré gan-an nígbà tí ọkọ̀ òfurufú wá gbé òun àti àwọn ọmọ mìíràn lọ sí ilé ìwé kan tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń na ọmọ tó bá fi Cree, èdè wa, bèèrè omi. Nígbà tó fi máa padà, ó ti di ọmọge, kò sì lè bá bàbá tó bí i sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá á sọ̀rọ̀, òun á máa wo ẹnu rẹ̀. Jonas, tí wọn kò mú lọ nítorí pé ó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan: omi, iná, ẹja, jókòó, wá jẹun. Ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá ṣì í pè. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ ènìyàn tí Eunice fẹ́ràn tó Jonas. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú wa, ó ń dẹ pakuté lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nígbà òtútù, ó sì ń retí àbúrò rẹ̀ nígbà ooru. Ìgbésí ayé rẹ̀ nìyẹn, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kíyè sí i.

Kò pẹ́ tí Wapus fi kún. Ìlú tí a ti mọ ajá ara wa lórúkọ di ìlú tí ènìyàn ń jí tó ń rí sójà lẹ́bàá ilé ìgbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá dé pẹ̀lú ajá àti ìbọn gígùn. Àwọn akọ̀ròyìn dé lẹ́yìn wọn, wọ́n da àwọ̀n bo orí nítorí ẹ̀fọn àti kantíkantí.

"Ta ló fẹ́ gbé gbogbo àwọn ìyàwó yìí?" ni Roderick, tó ni ṣọ́ọ̀bù, bèèrè nígbà tó rí wọn lójú ọ̀nà.

Ṣọ́ọ̀bù Roderick ni a ti ń gbọ́ ohun tí ayé ń sọ nípa wa. Fóònù rẹ̀ ló dára jù, ó sì máa ń kà á sókè fún gbogbo ẹni tó bá wá ra ṣúgà.

"Ẹnìkan ní òun rí wọn ní ilé oúnjẹ kan ní Toronto. Wọ́n ń jẹ adìyẹ."

"Àwọn tó wà nínú àbàtà wa níbí?"

"Ẹ ní sùúrù. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti wọ aṣọ obìnrin jáde kọjá lójú ọlọ́pàá."

"Pẹ̀lú irùngbọ̀n?"

"Èyí ní béárì funfun ti jẹ wọ́n tipẹ́."

"Béárì náà á ti ṣu wọ́n báyìí," Dorcas sọ, ṣọ́ọ̀bù sì bú sẹ́rìn-ín.

Roderick fi ìka fa ojú fóònù náà sísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọkùnrin kan tó wà ní Australia ní kò sí bí ọmọ ìlú ńlá ṣe lè pẹ́ nínú igbó yẹn láìjẹ́ pé ẹnìkan ń fún un lóúnjẹ. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ ló ń bọ́ wọn."

"Àwọn ará ibo?"

"Àwa."



"Ó ti wá síbí rí ni?" Eunice bèèrè.

"Kò wá rí. Àmọ́ àìmọye ènìyàn ló ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òótọ́ ló sọ."

Ọlọ́pàá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Sájẹ́ńtì Pelletier ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ kan tí oorun ń kùn lójú rẹ̀. Ó ní ká ti ilẹ̀kùn wa. Ó ní ká lọ ti àwọn ahéré wa tó wà nínú igbó náà.

Ẹ̀rín sọ láti ẹ̀yìn. "Kọ́kọ́rọ́ wo la fẹ́ fi tì í?"

Sájẹ́ńtì kò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Kò sí ahéré kan lórí ilẹ̀ ọdẹ wa tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ń jáde níbẹ̀ á to igi gbígbẹ sínú ààrò iná, á fi ìṣáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi fúláwà, ọ̀rá àti tíì sílẹ̀ nínú agolo, nítorí ẹni tí òtútù ń pa lọ kò ní agbára láti wá igi. A kì í bèèrè ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Eunice dìde. "Àbúrò mi wà nínú igbó. Jonas Wavey. Etí rẹ̀ di. Tí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn kò ní gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn fún un."

"A ti gbọ́, Màmá. A ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ṣé àwọn tó gbé ìbọn lọ́wọ́ náà ti gbọ́?"

"A ti kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá."

Ó jókòó.

Àwòrán náà jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ òfurufú àwọn oníwèé ìròyìn kan ló fò gba orí Kinosew, tí wọ́n yà á láti òkè. Ahéré kan láàárín igi, páànù pupa kan lára òrùlé rẹ̀, èéfín sì ń gòkè tààrà. Nígbà tí Eunice dé ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ayé ti rí i. Roderick kò fẹ́ gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́. Eunice gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé bàbá mi nìyí," ó ní. "Èmi ni mo kan páànù yẹn mọ́ ọn. Jonas ló ń dáná."

"Àǹtí Eunice, ẹ má ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ó ti ń kà á. Ẹnìkan ní kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí i. Ẹnìkan ní kí ni ọlọ́pàá tún ń dúró dè, ṣé àwọn náà ń gba owó ni. Ẹnìkan ní kí wọ́n má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, kí wọ́n kàn yìnbọn wọlé láti ojú fèrèsé. Obìnrin kan tó fi àwòrán ara rẹ̀ àti ọmọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ní kí wọ́n jó ilé náà mọ́ wọn lórí.

"Ó gbé ọmọ lọ́wọ́," Eunice ní. Ó na fóònù náà sí Roderick, ó tún na án sí Dorcas, bíi pé ó ń wá ẹni tó máa sọ fún un pé irọ́ ni ojú òun ń pa. "Ẹ wò ó. Ó gbé ọmọ lọ́wọ́."

Ó sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn kò jẹ́ kó rí Sájẹ́ńtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní àwọn mọ ahéré náà, ohun tó yẹ làwọn ń ṣe, kó lọ sílé kó ti ilẹ̀kùn. Eunice ní Jonas ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ẹ lọ sílé, Màmá."

Kò lọ sílé. Ó lọ bá Wilfred.

Wilfred ló ń ṣe ètò ìrọ̀lẹ́ lórí rédíò ìlú wa. Tí ó bá ti ka ìròyìn òjò tán, á ka iṣẹ́ tí a rán sí àwọn tó wà nínú igbó. Gbogbo ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ ọdẹ ló ń gbọ́ ọ, torí ibi tí fóònù ò dé, rédíò dé ibẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í gùn. A kì í sọ ibi tí a rò pé ènìyàn wà, torí ẹni tó wà nínú igbó kì í dúró sójú kan; ibi tí a fẹ́ kó wá nìkan la máa ń sọ. Ẹni tó bá sì gbọ́ kò lè dáhùn, kò lè bèèrè ìdí. Ó máa ń dìde ni, kó lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pe àwọn bàbá wa wálé wá sin òkú, báyìí náà ni wọ́n ṣe ń pe wọ́n wá wo ọmọ tuntun.

"Ẹ sọ ọ́ fúnra yín," Wilfred sọ fún un. "Ó mọ ohùn yín ju tèmi lọ."

Gbogbo wa gbọ́ ọ nílé wa. Èdè Cree ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì le bí ìgbà tó ń bá ọmọ ilé ìwé wí.

"Jonas, Eunice ni. Fi rédíò náà mọ́ etí rẹ dáadáa. Ọlọ́pàá kún inú igbó, wọ́n ń wá apààyàn méjì. Lọ sí ẹbúté iwájú ilé bàbá wa. Fi ìbọn rẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, má fọwọ́ kàn án. Bọ́ kóòtù rẹ. Dúró lórí òkúta, ní gbangba, na ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè, má sì mira títí wọ́n á fi wá bá ọ. Jonas, tí ẹ̀fọn bá ń jẹ ọ́, jẹ́ kó jẹ ọ́."

Lówùúrọ̀, àwa kan ti wà ní ilé Eunice, tí Dorcas ń po tíì fún wa, nígbà tí Roderick já wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti gbé ohùn yín káàkiri ayé! Ẹnìkan gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní ìwọ obìnrin yìí... wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń sọ fún àwọn apààyàn náà ibi tí wọ́n á gbà."

"Èmi?"

"Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ èdè ti túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àkókò tí ọkọ̀ ojú irin máa kọjá lẹ sọ."

"Àwọn apààyàn náà ń gbọ́ Cree ni?" Dorcas pariwo. "Nígbà wo ni wọ́n kọ́ ọ? Àbí inú àbàtà ni wọ́n ti ń kàwé?"

Àwòrán Eunice wà lójú fóònù náà, èyí tí ilé ìwé yà níbi àríyá àwọn ọmọ. Ó fi fìlà bo irun, ó di ìgbakọ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Sábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Ìyá Àwọn Apààyàn. Eunice wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó jọ pé kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Sájẹ́ńtì Pelletier bá wa. Kò fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

"Kí lẹ sọ lórí rédíò, Màmá?"

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ojú Sájẹ́ńtì ń rọ̀, ṣùgbọ́n ó tún le padà lójijì.

"Ta ló sọ fún yín pé àbúrò yín wà níbẹ̀?"

"Èéfín."

"Àwọn ènìyàn mi wọ ahéré náà lánàá, ní ọ̀sán. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ààrò ṣì gbóná. Wọ́n ti jẹ fúláwà, wọ́n ti mu tíì, wọ́n ti jó igi tó wà nínú ààrò. Ipa bàtà ènìyàn méjì ló wà nínú ẹrẹ̀, bàtà ìlú ńlá. Kò sí ti ẹnì kẹta."

Dorcas gbé kẹ́tùlù kalẹ̀. "Eunice," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an, "ṣé o ò mọ̀ ni? Àbúrò ọkọ mi tó gba odò wá láàárọ̀ àná, alẹ́ àná ló tó sọ fún mi pé òun kí Jonas níbi tí omi ti ń já. Ó ní ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Mo rò pé o ti gbọ́."

Láti ibi ìpẹja yẹn, ènìyàn lè fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì dé Kinosew láàárín òwúrọ̀ kan. Jonas kò sí nínú ewu kankan. Ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kó dìde, kó lọ síbẹ̀.

"Sájẹ́ńtì," Eunice ní, "àwọn ènìyàn yín dà?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ojú fèrèsé.

"Mo ní wọ́n dà?"

"Wọ́n lúgọ sí etí igbó. Wọ́n ń dúró de ẹni tó bá padà wá."

Eunice di aṣọ àyà Sájẹ́ńtì mú, níbi tí rédíò ọlọ́pàá kọ́ sí. Mi ò rí i kó fọwọ́ kan àlejò rí. "Pè wọ́n! Pè wọ́n nísinsìnyí!"

Ó pè wọ́n. Ariwo kíkùn ni a kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó dojú bolẹ̀.

"Ọkùnrin kan ti fi ọkọ̀ dé. Ó wà lórí òkúta. Ó na ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. A ò mọ ohun tó ń gbèrò. Ó lè jẹ́ pé àwọn yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ẹ—" Sájẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀.

"A ti ní kó dọ̀bálẹ̀. Ó kọ̀. A tún pariwo mọ́ ọn. Kò mira. Mo tún fẹ́ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, tí kò bá dọ̀bálẹ̀—"

"Ẹ má yìnbọn!" Sájẹ́ńtì ké. "Etí rẹ̀ di! Jonas Wavey ni, etí rẹ̀ di, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kó dúró! Ẹ sọ ìbọn sílẹ̀! Ẹnìkan kó rìn lọ bá a láti iwájú, kó rí ojú rẹ̀!"

Rédíò náà dákẹ́. Eunice ti fi etí rẹ̀ lé àyà ọlọ́pàá náà bí ọmọ tó fẹ́ sùn. Ó ń sọ nǹkan kan ní èdè wa, kì í ṣe àdúrà. "Má mira, má sáré, má mira, má sáré."

Nígbà tó yá, ohùn náà padà. "A ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò gbé ohun ìjà kankan. Sà, ojú rẹ̀... ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ débi pé kò lè la ojú mọ́. Ó ń bi wá bóyá ó lè gbé ọwọ́ wálẹ̀."

Hẹlikópítà ni wọ́n fi gbé e wálé. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Ó wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí, ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ ẹ̀yìn etí rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Eunice kò gbá a mọ́ra. Ó na ọwọ́ sí i, ó sì gbá a létí.

"Ta ló ní kí o lọ síbẹ̀?"

"Ìwọ ni," Jonas ní.

"Mo rò pé o wà níbẹ̀ ni!"

"Tí mo bá wà níbẹ̀, kí ló dé tí o fi ní kí n lọ síbẹ̀?"

Orí koríko ni Eunice jókòó sí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún, tí kò sì sẹ́ni tó lè gbé e dìde àfi àbúrò tí kò ríran.

Àwòrán Jonas lórí òkúta, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè, ti ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan lára àwọn tó lúgọ ló yà á. Ayé ní wọ́n ti mú ẹnì kẹta. Nígbà tó yá, wọ́n rí òkú àwọn méjèèjì yẹn lẹ́bàá odò, níbi tó jìnnà sí Kinosew, ọlọ́pàá sì jáde sọ pé ẹnì kẹta kò sí rí. Àwọn tó kà á kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Jonas dé yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ilé Eunice kún. Wọ́n se ẹja, wọ́n yan búrẹ́dì inú páànù. Jonas jókòó sórí àga, Eunice ń fi omi iyọ̀ nu ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ni Dorcas bá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Jonas, àárín wa nìyí o. Kò sí ọlọ́pàá níbí. Gbogbo ọjọ́ tí o fi wà lójú odò, ṣé o ò rí wọn rárá? Ṣé o ò fún wọn ní nǹkan kan?"

Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo wo ojú àwọn ènìyàn wa yí ká tábìlì, àwọn tó ti bú sẹ́rìn-ín nítorí adìyẹ Toronto, mo sì rí i pé wọ́n ń retí ìdáhùn. Èmi náà ń retí rẹ̀.

Jonas kò gbọ́. Ó kàn mọ̀ pé ilé ti dákẹ́, ó sì yí ojú rẹ̀ tó wú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló sọ?"

Ọwọ́ Eunice dúró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Omi iyọ̀ ń kán sí i láyà.

"Ó ní òun ń lọ sílé," ó dáhùn sí etí òsì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ omi náà kalẹ̀, ó mú ṣáálì Dorcas kúrò lẹ́yìn àga, ó sì gbé e lé Dorcas lọ́wọ́.